Àwòrán Mọ́ Kedere, Ohùn Rẹlẹ̀: Ẹ̀kọ́ Láti Ara Àwo Fíìmù Ọdún 2006

Ẹni tó bá ti wo fíìmù nílé lóru, nígbà tí àwọn ọmọdé ti sùn, mọ ìyọnu yìí dáadáa. Òṣèré méjì jókòó, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. A kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, a sì gbé ohùn ẹ̀rọ sókè. Kò pẹ́, kò jìnnà, ìbọn dún, ilé wó, ọkọ̀ gbiná. Ariwo gba gbogbo ilé, ọmọ ta jí, ó bú sẹ́kún, ìyá ilé sì ń ké láti inú yàrá pé kí a rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Títí fíìmù náà fi parí, rìmóòtù kò kúrò lọ́wọ́ wa.

Bí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀, àwọn kan a dá ẹ̀rọ lẹ́bi, àwọn mìíràn a ní etí àwọn ló ń di. Ní ọdún 2006, ẹjọ́ náà bọ́ sí gbangba láàárín àwọn tó kọ́kọ́ ra àwo fíìmù tuntun tí àwòrán rẹ̀ mọ́ ju ti DVD lọ. Wọ́n ti náwó nára kí àwòrán àti ohùn lè dára ju ti àtẹ̀yìnwá. Àwòrán dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi àwo tuntun sínú ẹ̀rọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn gbọ́ ohùn tó rẹlẹ̀ ju ti DVD tí wọ́n ti ń wò tẹ́lẹ̀. Kí ló fà á? Ìdáhùn ìbéèrè yìí kan gbogbo ẹni tó ń wo fíìmù. Ó sì kan ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ń fi fóònù gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ ní Kétu, ní Ṣábẹ̀, ní Àjàṣẹ́ àti ní àwọn ìlú Yorùbá tó wà ní Tógò.

ÀWO MÉJÌ TÓ DU ỌJÀ KAN

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nígbà náà. DVD ti wà lóde fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Àwòrán rẹ̀ ní ìlà 576 ní ilẹ̀ Yúróòpù, ó sì ní 480 ní Amẹ́ríkà àti Jàpáànì. Ṣùgbọ́n àwọn tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ tó ń jáde lè gbé ìlà 1080. Àwo tuntun di dandan, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá sì pín sí ọ̀nà méjì. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2006, Toshiba gbé ẹ̀rọ HD DVD jáde ní Jàpáànì. Ní oṣù kẹrin, ó dé Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹfà, Blu-ray náà wọ ọjà Amẹ́ríkà, pẹ̀lú Sony àti ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rọ Toshiba tó rọjú jù lọ ní Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bí 500 dọ́là. Ẹ̀rọ Blu-ray àkọ́kọ́ tí Samsung ṣe jẹ́ nǹkan bí 1,000 dọ́là.

Ìtànṣán lésà tí DVD ń lò jẹ́ pupa. Èyí tí àwo méjèèjì wọ̀nyí ń lò sún mọ́ àwọ̀ búlúù, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ, nítorí náà ó lè ka àmì tó kéré gan-an. Ìpele kan nínú DVD ń gba gígábáìtì 4.7, ti HD DVD ń gba 15, ti Blu-ray sì ń gba 25. Àyè tó pọ̀ yìí kò wà fún àwòrán nìkan. Lórí DVD, a ní láti fún ìró pọ̀ gidigidi kí ó tó lè wọlé. Lórí àwo tuntun, àyè wà fún Dolby Digital Plus, fún Dolby TrueHD àti DTS-HD Master Audio tí kì í sọ ohunkóhun nù nínú ìró, àti fún PCM tí a kò fún pọ̀ rárá. Ìlérí tí wọ́n ṣe fún oníbàárà ni pé yóò gbọ́ ìró gan-an bí àwọn tó ṣe fíìmù náà ṣe gbọ́ ọ.

Ẹni tó gbọ́ irú ìlérí bẹ́ẹ̀ yóò máa retí àrá. Ó fi àwo sínú ẹ̀rọ, ó fi ìwọ̀n ohùn sí ibi tó máa ń fi í sí fún DVD, ó sì jókòó. Ohun tó gbọ́ dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti yàrá kejì. Ó rò pé àwo náà bàjẹ́, tàbí pé wọ́n ta ẹ̀rọ aláìlera fún òun.

NỌ́ŃBÀ KÉKERÉ TÓ FARA PAMỌ́

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nínú ìró Dolby, yálà ti DVD tàbí ti àwo tuntun, nọ́ńbà kan wà tí etí kì í gbọ́, tí ojú kì í sì í rí, tí ó jẹ́ pé ẹ̀rọ nìkan ló ń kà á. Dialnorm ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ fún ẹ̀rọ bí ọ̀rọ̀ ẹnu inú fíìmù náà ṣe lọ sókè tó. Ó lè jẹ́ -1, ó sì lè sọ̀kalẹ̀ títí dé -31. Bí ó bá jẹ́ -31, ẹ̀rọ kò ní fọwọ́ kan ohùn náà. Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà mìíràn, ẹ̀rọ yóò yọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti 31 kúrò. Nọ́ńbà -27 wọ́pọ̀ lórí fíìmù. Bí ẹ̀rọ bá rí i, yóò rẹ gbogbo ìró náà sílẹ̀ ní dẹ́síbẹ̀lì 4, láì bi ẹnikẹ́ni.

Kí ni ìdí irú òfin bẹ́ẹ̀? Ẹ wo ọjà wa. Bí ìyá kan bá ń fi agolo ńlá wọn àgbàdo, tí èkejì ń fi agolo kékeré wọn tirẹ̀, oníbàárà kò lè mọ ẹni tí ọjà rẹ̀ dẹ̀. Òṣùwọ̀n kan náà ló ń mú kí ọjà rọrùn. Nínú fíìmù, ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n, kì í ṣe ìbọn, kì í ṣe ìlù, nítorí pé bí ẹnìkan bá fẹ́ ṣètò ohùn ẹ̀rọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ń sọ ló máa ń tẹ́tí sí. Èrò àwọn tó gbé nọ́ńbà yìí kalẹ̀ ni pé, láti orí fíìmù ogun dé orí fíìmù tọkọtaya tó ń jiyàn nínú pálọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu yóò máa dé etí wa ní ìwọ̀n kan náà. A ó ṣètò ohùn lẹ́ẹ̀kan, a ó sì fi rìmóòtù sílẹ̀.

Èrò tó dára ni. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ìró ló wà lábẹ́ òfin náà. PCM kò ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, ìró DTS kì í sì í sábà rẹ ohun kan sílẹ̀. Àwọn kan nínú àwo Blu-ray àkọ́kọ́ gbé PCM àti Dolby Digital papọ̀, kí olúkúlùkù lè yan èyí tó wù ú. Ẹni tó bá ń ti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì yóò gbọ́ pé PCM kún, Dolby sì gbẹ. Dẹ́síbẹ̀lì 4 kì í ṣe nǹkan kékeré. Agbára ìró ti di ìlọ́po méjì àbọ̀. Etí ènìyàn sì ní àléébù kan tí àwọn onímọ̀ ìró ti mọ̀ tipẹ́: bí a bá gbé ìró kan náà fún un lẹ́ẹ̀mejì, tí ọ̀kan fi díẹ̀ lọ sókè ju èkejì lọ, etí yóò sọ pé èyí tó lọ sókè ló dára jù. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe fi ẹ̀yà ìró kan bú, tí wọ́n sì fi òmíràn yangàn, nígbà tó jẹ́ pé nọ́ńbà kékeré kan ni wọ́n ń dá lẹ́jọ́ láì mọ̀.

Bákan náà ló rí láàárín DVD àti àwo tuntun. Ẹni tó ti máa ń gbọ́ ohùn DTS lórí DVD rẹ̀, tó wá gbé Dolby TrueHD sí i, yóò gbọ́ ohùn tó rẹlẹ̀ bí nọ́ńbà rẹ̀ bá jẹ́ -27, bí ìró náà tilẹ̀ péye ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò sí ohun tó sọ nù nínú rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n gbé e sí.

GBỌ̀NGÀN SINIMÁ KÌ Í ṢE PÁLỌ̀ WA

Ìdí kejì ti inú fíìmù fúnra rẹ̀ wá. Àwọn tó ń po ìró fíìmù pọ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú gbọ̀ngàn ńlá tó pa rọ́rọ́. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ ni dẹ́síbẹ̀lì 85 fún sípíkà iwájú kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi dẹ́síbẹ̀lì 20 sílẹ̀ lókè rẹ̀ fún ìbọn, àrá àti ilé tó ń wó. Ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ wà nísàlẹ̀ pátápátá. Àyè tó wà láàárín kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ àti àrá yìí ni adùn sinimá: ìparọ́rọ́ ló ń fún ariwo ní ìtumọ̀.

Tẹlifíṣọ̀n kì í sábà fi irú àyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ó máa ń fún ìró pọ̀, kí ohun tó lọ sílẹ̀ gòkè, kí ohun tó ga sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n àwo tuntun ṣèlérí pé òun kò ní dín ohunkóhun kù, ó sì mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ohun tó kéré nínú gbọ̀ngàn kéré bẹ́ẹ̀ nínú pálọ̀. Nínú pálọ̀ wa, fáànù ń yí lókè, ẹ̀rọ amúnáwá aládùúgbò ń kùn, alùpùpù ń kọjá lójú títì. Bí a bá rẹ àrá sílẹ̀ dé ibi tí àwọn ará ilé lè fara dà á, ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ yóò bá a lọ sílẹ̀, ariwo fáànù yóò sì gbé e mì.

Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ mọ èyí. Nínú ètò ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ẹ ó rí ohun kan tí wọ́n kọ ní èdè Faransé pé « mode nuit ». Bí ẹ bá tan án, yóò mú kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ àti àrá sún mọ́ ara wọn, ọmọ kò sì ní jí. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ yóò máa fi rìmóòtù jagun lóròòru.

ÌRÓ MẸ́FÀ NÍNÚ SÍPÍKÀ MÉJÌ

Ìdí kẹta ni ọ̀nà tí ìró ń gbà jáde. Ìró ọ̀pọ̀ fíìmù pín sí mẹ́fà: iwájú lọ́tùn-ún, iwájú lósì, àárín, ẹ̀yìn lọ́tùn-ún, ẹ̀yìn lósì, àti èyí tó wà fún ìró ìsàlẹ̀ tó wúwo. Àárín ni ọ̀rọ̀ ẹnu sábà máa ń gbà. Bí ó bá jẹ́ sípíkà méjì ara tẹlifíṣọ̀n nìkan la ní, ẹ̀rọ ní láti ká ìró wọ̀nyí sínú méjì. Yóò dín ti àárín kù ní dẹ́síbẹ̀lì 3, yóò sì pín in sọ́tùn-ún àti sósì. Yóò da ti ẹ̀yìn mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ó sábà máa ń rẹ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí àpapọ̀ wọn má baà kún àkúnya. Abájọ tí ọ̀rọ̀ ẹnu fi ń dé etí wa ní rírẹlẹ̀, tí orin àti ariwo sì ń bò ó mọ́lẹ̀.

Èyí tó burú jù ni ti ẹ̀rọ tí a kò ṣètò. Bí ètò rẹ̀ bá sọ pé sípíkà mẹ́fà wà nílé, nígbà tó jẹ́ wáyà méjì péré la so mọ́ ọn, yóò rán ọ̀rọ̀ ẹnu lọ sí ojú ihò tí kò sí wáyà kankan nínú rẹ̀. A ó máa gbọ́ orin, a ó máa gbọ́ òjò, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn òṣèré yóò máa mì lásán.

Ní ọdún 2006, ìṣòro mìíràn tún wà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ń fún sípíkà lágbára kò gbọ́ èdè Dolby TrueHD tàbí DTS-HD. Ẹ̀rọ àwo fúnra rẹ̀ ló ní láti tú ìró náà, kí ó sì fi wáyà mẹ́fà rán an jáde. Ìró ìsàlẹ̀ ní òfin tirẹ̀: a máa ń gbà á sílẹ̀ ní ìwọ̀n tó rẹlẹ̀, a ó sì gbé e sókè ní dẹ́síbẹ̀lì 10 nígbà tí a bá fẹ́ gbọ́ ọ. Bí ẹ̀rọ tó wà nílé kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ lójú wáyà mẹ́fà náà, àrá yóò dún bí ẹni kan páànù, kò ní mi ilẹ̀.

ORÍ BÍBẸ́ KỌ́ NI OÒGÙN ORÍ FÍFỌ́

Kí ló wá yẹ kí ẹni tó ra àwo náà ṣe? Kì í ṣe kí ó sọ àwo nù. Ohun àkọ́kọ́ ni kí ó gbé ohùn sókè, láìbẹ̀rù. Nọ́ńbà tó wà lójú ẹ̀rọ kì í ṣe òfin. Bí a bá ti ń lo 20 fún DVD, tí a wá ń lo 26 fún àwo tuntun, kò sí ohun tó bàjẹ́. Ohun kejì ni kí ó wo ètò ẹ̀rọ, kí ó rí i pé iye sípíkà tí ó kọ síbẹ̀ bá iye tó wà nílé mu. Ohun kẹta ni kí ó pinnu bóyá òun fẹ́ gbọ́ àyè gbòòrò sinimá, tàbí òun fẹ́ kí ilé sùn. Ohun kẹrin ni pé bí ó bá fẹ́ fi ìró méjì wé ara wọn, kí ó kọ́kọ́ mú kí ọ̀rọ̀ ẹnu inú méjèèjì dọ́gba, kí ó tó dájọ́.

Ìjà àwo méjèèjì kò pẹ́. Ní ọjọ́ 19 oṣù kejì ọdún 2008, Toshiba kéde pé òun jáwọ́ nínú HD DVD, Blu-ray sì gba ọjà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ohùn kò parí síbẹ̀. Ní ọdún 2006 kan náà, àjọ ITU gbé ìlànà BS.1770 jáde, tó sọ bí a ṣe lè wọn ìró ní ọ̀nà tó bá etí ènìyàn mu. Lórí rẹ̀ ni ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n Yúróòpù, tí à ń pè ní EBU, gbé ìlànà R 128 kalẹ̀ ní ọdún 2010. Ìlànà yìí ń wọn gbogbo ètò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì fi ìwọ̀n kan ṣoṣo lélẹ̀ fún gbogbo wọn. Ní oṣù kejìlá ọdún yẹn, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òfin pé ìpolówó ọjà kò gbọdọ̀ pariwo ju ètò tó wà nínú rẹ̀ lọ. Ohun tí ẹni tó ra àwo ní 2006 ń ráhùn lé lórí ti di ọ̀rọ̀ ìjọba.

OHÙN ÀWỌN ÀGBÀ WA

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ lè ní kí ni tiwa nínú àwo tí ọ̀pọ̀ wa kò fojú rí. Òfin kan náà ló wà nínú fóònù ọwọ́ yín. Ní ọdún 2001, UNESCO kéde ìran Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ara ogún ńlá gbogbo ènìyàn, ó sì wọ inú ìwé àkọsílẹ̀ ogún náà ní 2008. Ní òru Ẹ̀fẹ̀, ohùn akọrin ló ń gbé ọgbọ́n ìlú. Ṣùgbọ́n bí a bá gbọ́ fídíò tí ọ̀pọ̀ wa ń gbà, ìlù nìkan ló kún inú rẹ̀. Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ fóònù ń tún ìwọ̀n ìró ṣe fúnra wọn: bí ìlù bá ti dún, wọ́n á rẹ gbogbo ìró sílẹ̀, ọ̀rọ̀ akọrin á sì rì. Nínú èdè wa, èyí kì í ṣe àdánù kékeré. Ẹni tí kò gbọ́ ohùn orí ọ̀rọ̀ dáadáa kò lè mọ̀ bóyá ọkọ ni akọrin pè, tàbí ọkọ́, tàbí ọkọ̀, tàbí ọ̀kọ̀.

Ẹ fi ohun tí àwọn tó dá nọ́ńbà náà sílẹ̀ mọ̀ ṣe ọgbọ́n: ọ̀rọ̀ ẹnu ni òṣùwọ̀n. Ẹ sún mọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ní gbangba, bí ẹ bá jìnnà sí i ní ìlọ́po méjì, ohùn rẹ̀ yóò dín ní nǹkan bí dẹ́síbẹ̀lì 6. Bí ẹ̀rọ yín bá ní àmì tó ń fi ìwọ̀n ìró hàn, ẹ jẹ́ kí ibi tó ga jù dúró sí nǹkan bí -12, ẹ má jẹ́ kó kan òdo tó jẹ́ òpin. Ohùn tó rẹlẹ̀, a lè gbé e sókè lọ́la, bí ariwo díẹ̀ tilẹ̀ bá a gòkè. Ohùn tó kọjá òpin ti ya, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè dá a padà bó ṣe rí gan-an.

Àwọn baba wa ní ẹyin lohùn. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Nítorí náà, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì, ẹ bẹ bàbá tàbí ìyá tó fẹ́ sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n kọ́kọ́ ki oríkì ìdílé wọn díẹ̀. Ẹ fi ohùn wọn ṣètò ẹ̀rọ, ẹ gbọ́ ọ wò, kí ẹ tó wá jẹ́ kí onílù bẹ̀rẹ̀.